Ìyá tí a pè ní Òkúta

Àwa tí a ti Iffe ní ilẹ̀ Ìjùmú wá kò bá òkun pààlà. Nígbà èwe mi, bí mo bá rí ẹ̀dá inú odò tí ìkarahun méjì pa dé mọ́ bí igbá àti ọmọrí rẹ̀, òkúta ni mo ń pè é, mo sì ń sọ ọ́ nù. Lónìí mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìyá ọlọ́mọ ni mo sọ nù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà jíjìn. Ní ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, nínú òkun olótùútù, ẹ̀dá kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lissarca miliaris. Kì í tú ẹyin rẹ̀ sínú òkun bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú rẹ̀ ti ń ṣe. Inú ìkarahun rẹ̀ ni ó ti ń tọ́jú wọn, títí àwọn ọmọ yóò fi ní ìkarahun ti ara wọn. Ìtọ́jú yìí a máa tó oṣù 18. Ẹyin náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi, oúnjẹ ọmọ sì wà nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òtútù nìkan ni èyí. Nínú Odò Ọya, tí ó pàdé Bẹ́núé ní Lọ́kọ́já, ìbátan rẹ̀ kan wà tí ó ń jẹ́ Coelatura. Òun náà a máa gbé ọmọ pamọ́ sínú ẹ̀yà ara tí ó fi ń mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn irú ìdílé rẹ̀ bá tú ọmọ sílẹ̀, ara ẹja ni àwọn ọmọ náà ní láti so mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó lè dá dúró. Ìyá gbé wọn. Ẹja gbà wọ́n tọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá da oògùn sínú odò láti kó ẹja kò pa ẹja nìkan. Ó pa ìyá, ó pa ọmọ, ó sì pa alágbàtọ́. Àwọn kan yóò wí pé ebi ni ó fà á. Òtítọ́ ni pé ebi ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n odò tí a pa lónìí kò ní bọ́ wa lọ́dún tí ń bọ̀.

Ní èrò tèmi, iṣẹ́ olùkọ́ ni èyí. Bí a bá dé ilé ìwé tí a ó rán wa lọ, ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ọmọ lọ sí etí odò. Kí á fi ìkarahun òfo kọ́ wọn, kí á sì dá èyí tí ó wà láàyè padà sínú omi. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ pé ìyá ni òkúta yẹn, ọwọ́ rẹ̀ yóò wúwo láti da oògùn sínú odò.