Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì: Ẹ Má Tíì Tẹ «Supprimer le volume»

Ẹ̀yin ará Parakou, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí mémoire yín wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn tẹ ìwé ní àyíká ọjà Arzèkè, ẹ dákun, ẹ fetí sí mi kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ yín fún ẹni tó máa tún un ṣe. Bí dísíkì inú kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ «dynamique», irú tí ìpín rẹ̀ ṣeé nà kọjá àyè rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì ní òun fẹ́ sọ ọ́ di «disque de base», irú tó wọ́pọ̀, ẹ dá a dúró ná. Ọ̀nà tí Windows fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí kì í dá fáìlì kankan sí. Gbogbo ohun tó wà lórí dísíkì náà ló ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú báyìí nítorí pé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá ẹni tó máa bá wọn fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ wọn. Dísíkì «dynamique» sì máa ń fa ìjà níbẹ̀: ètò tó ń gbé Windows tuntun wọlé sábà máa ń kọ̀ ọ́, á kọ ọ́ síta pé ìpín tí ẹ yàn jẹ́ irú èyí tí òun kò lè jókòó lé. Bọ́tìnì «Supprimer» wà nítòsí ìkìlọ̀ yẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí àwọn oníbàárà mìíràn sì ń dúró dè é, á tẹ̀ ẹ́. Ìkìlọ̀ á kúrò, Windows á wọlé, ẹ̀rọ á máa sáré. Ó di ìgbà tí ẹ bá délé, tí ẹ wá fọ́tò ọmọ yín tí, kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí dísíkì wọn jẹ́ «dynamique» ni kò mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Láti ìgbà Windows 2000 ni irú dísíkì yìí ti wà. Dísíkì tí wọ́n bá pín ní ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní MBR kì í gbà ju ìpín gidi mẹ́rin lọ. Bí èèyàn bá fẹ́ dá ìkarùn-ún, tàbí tó lo «Étendre le volume» láti fi àyè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kún ìpín rẹ̀, Windows á béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dáhùn «Oui», dísíkì sì yí padà kíá, láìsí fáìlì kan tó sọnù. Àlọ rọrùn bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ni kò sí nínú Windows, àfi kí ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ìpín rẹ́. Ìdí nìyẹn tí «Convertir en disque de base» fi máa ń ṣàfihàn ní àwọ̀ eérú, tí kò ṣeé tẹ̀, títí dísíkì á fi ṣófo pátápátá.

Ẹ yẹ ti yín wò lónìí. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún eku tẹ «Démarrer», ẹ yan «Gestion des disques». Ní ìsàlẹ̀, lápá òsì, ẹ ó rí «Disque 0», «Disque 1», àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́: «De base» tàbí «Dynamique». Ẹ wo ọ̀já tó wà lókè ìpín kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Búlúù tó dúdú díẹ̀ ni ti dísíkì «de base». Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé bíi ti ólífì, «dynamique» ni. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, ẹ ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé ìpín kan ṣoṣo ló nà dé orí dísíkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú wọn, gbogbo ìpín náà kò ní ṣí mọ́.

Dísíkì «dynamique» kì í ṣe àrùn o. Lóòótọ́, Microsoft ti ní kí àwọn èèyàn má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, àfi fún ohun díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yín bá ń ṣiṣẹ́ tí kò sì sí ohun tó ń fi tipátipá mú yín, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kánjú tún un ṣe ni mo ti ń rí òfò jù.

Bí ó bá pọn dandan láti yí i padà, ẹ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ sì ṣe é sórí dísíkì mìíràn tó ṣeé fọwọ́ mú, tó dá dúró lọ́tọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á kó fáìlì kúrò ní C: lọ sí D:, ọkàn wọn á balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé C: àti D: wà lórí Disque 0 kan náà. Ìyípadà yìí ń kan dísíkì lódindi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà, ẹ fi iye fáìlì àti ìwọ̀n wọn wéra lápá méjèèjì, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ lára fọ́tò, fídíò àti ìwé láti orí ẹ̀dà náà gan-an, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ má rò pé mo ń sọ àsọjù. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, pa àkójọ ìsọfúnni rẹ́ lórí ẹ̀rọ kan nígbà tó rò pé orí ẹ̀rọ kejì ni òun wà. Nǹkan bíi 300 gígábáìtì lọ kó tó dá a dúró. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti dáàbò bo ìsọfúnni wọn; ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnìkan ṣèèṣì ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà náà sì ṣòfò.

Irú àṣìṣe yẹn gan-an ló ń dúró de ẹni tó bá lo diskpart, ètò inú Windows tí a ń fi àṣẹ tí a kọ darí. Ẹ ó kọ «list disk», ẹ ó rí àmì ìràwọ̀ kékeré lábẹ́ «Dyn» níwájú dísíkì tó jẹ́ «dynamique». Lẹ́yìn náà ni «select disk» pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, «clean», àti «convert basic». «Clean» kì í bi yín ní ìbéèrè kankan. Bí ẹ bá kọ 1 dípò 0, ẹ̀dà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbogbo òru ṣe ló máa pa rẹ́. Nítorí náà, ẹ fa okùn dísíkì ẹ̀dà yọ, ẹ gbé e sínú yàrá mìíràn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí diskpart.

Àwọn ètò kan wà lóòótọ́, bíi AOMEI àti EaseUS, tó lè yí dísíkì padà láìpa ìpín rẹ́. Síbẹ̀ ẹ ṣe ẹ̀dà ṣáájú wọn. Bí iná bá lọ níbi tí ètò náà ti ń tún àkọsílẹ̀ dísíkì kọ, ó lè má sí àtúnṣe. Onduleur tàbí bátìrì tó kún gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ má sì gba «crack» àwọn ètò yìí lórí clé USB ẹnikẹ́ni. Inú irú ètò àjígbé bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà STOP, tí wọ́n tún ń pè ní Djvu, ti ń wọlé, tó ń ti gbogbo fáìlì pa, tó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí wọn.

Àwọn kan á ní kí ẹ ṣí àkọsílẹ̀ iwájú dísíkì, kí ẹ yí nọ́ńbà tó ń sọ irú ìpín padà láti 42 sí 07, pé ó tán. Ó lè ṣiṣẹ́ lórí ìpín tó ti wà kí dísíkì tó di «dynamique», tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì nà. Ìpín tí ẹ dá lẹ́yìn ìgbà náà kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn rárá. Lórí dísíkì MBR, mẹ́gábáìtì kan tó gbẹ̀yìn dísíkì ni Windows kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá yí nọ́ńbà yẹn láìmọ èyí ti ba ohun tó ń tọ́ka sí fáìlì yín jẹ́.

Bákan náà, bí ẹ bá yọ dísíkì kúrò nínú kọ̀ǹpútà tó kú, tí Windows mìíràn sì pè é ní «Étranger», fáìlì yín ṣì wà níbẹ̀. «Importer des disques étrangers» ni kí ẹ tẹ̀. Windows Famille lè má ka dísíkì «dynamique». Bí kò bá kà á, ẹ wá Windows Professionnel, tàbí Linux tó ní ldmtool.

Bí ọwọ́ bá ti tẹ «Supprimer» ńkọ́? Ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Fáìlì sábà máa ń ṣì wà níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì kọ ohun mìíràn lé e lórí. Ẹ má dá ìpín tuntun, ẹ má fọ́máàtì, ẹ má lo chkdsk. Bó bá jẹ́ SSD, fọ́máàtì lè nù ún mọ́ débi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí i kó mọ́. Ẹ yọ dísíkì náà, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lódindi pẹ̀lú ddrescue, kó sì fi TestDisk tí Christophe Grenier ṣe, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wá ìpín tó sọnù lórí ẹ̀dà yẹn. Fáìlì tó bá rí, orí dísíkì mìíràn ni kó kó wọn sí. Bó bá fẹ́ dá wọn padà sórí dísíkì kan náà, ẹ gba dísíkì yín lọ́wọ́ rẹ̀.