Tramadol àti Morphine: Ọmọ Ìyá Kan Náà

Bí dókítà bá dárúkọ morphine fún arúgbó tí àrùn jẹjẹrẹ ń dà láàmú, ẹbí a bú sẹ́kún, wọn a ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n tramadol, àwọn ọ̀dọ́ wa ń rà á lọ́wọ́ oníkiri bí ẹni ra orógbó, kí wọ́n lè roko tàbí kí wọ́n lè gun alùpùpù dalẹ́. Lójú tiwa, ìbẹ̀rù wa àti ìfọkàntán wa ti ṣi ilé wọ̀.

Ìdílé kan náà ni oògùn méjèèjì ti wá. Morphine ni ẹ̀gbọ́n: inú oje òdòdó pavot ni wọ́n ti yọ ọ́ ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àtọwọ́dá ni tramadol; Jámánì náà ni wọ́n ti ṣe é ní 1962, ó sì dé ọjà ní 1977.

Agbára wọn kò dọ́gba. Bí a bá gbé wọn mì, miligíráàmù 100 tramadol ń ṣe iṣẹ́ nǹkan bí miligíráàmù 10 sí 20 morphine. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Tramadol lè dá gìrì sí àgbàlagbà lára, pàápàá bí ó bá ju miligíráàmù 400 lọ lóòjọ́. Àwọn méjèèjì ni ó lè di bárakú. Àwọn méjèèjì ni ó lè mú kí èémí falẹ̀ títí yóò fi dá, bí a bá fi sódabì lé e, ewu náà á pọ̀ sí i.

Ẹ̀wẹ̀, OMS ka morphine mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí. Bí dókítà bá wọn ọ́n bí ó ti yẹ, kì í yá ikú aláìsàn. Ìrora ni ó ń gbé kúrò. Ẹni tí ó fi í du ìyá rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ti fi ìyà jẹ ẹ́ láìnídìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí tramadol bá ti mọ́ yín lára, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Ẹ lọ bá dókítà kí ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí gìrì bá sì mú ẹnìkejì yín, tàbí tí ó sùn tí kò ṣeé jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má fi orúkọ oògùn tí ó lò pamọ́ nítorí ìtìjú: orúkọ náà ni dókítà yóò fi mọ ohun tí yóò fi gbà á là.