Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè nípa asẹ́ kí ọmọ yín tó bọ́ sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́

Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ òbí ní Àbújá, Kánò àti Port Harcourt ló máa ń kó ọmọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Owó ìwọlé la máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí a bá débẹ̀ tí omi náà rí bíi àwọ̀ ojú ọ̀run, tí òórùn kílórínì sì ń ta síni nímú, ọkàn wa á balẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí òbí béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ fọ asẹ́ yín kẹ́yìn?"

Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú owó ìwọlé.

Omi adágún kì í ṣàn bíi ti odò. Omi kan náà ni gbogbo èèyàn ń wẹ̀, láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ohun tó ń mú kó ṣeé wọ̀ ni pé pọ́ǹpù ń fà á, ó ń gbé e gba inú asẹ́, ó sì ń dá a padà. Àgbá ńlá tí yanrìn kún inú rẹ̀ ni asẹ́ tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn adágún kéékèèké inú ilé máa ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní kátírììjì, tó dà bíi aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po. Iṣẹ́ asẹ́ ni láti kó ìdọ̀tí, iṣẹ́ kílórínì ni láti pa kòkòrò àrùn. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí asẹ́ bá ti kú, ìdọ̀tí tí kò rí kó ni yóò máa jẹ lára kílórínì tó yẹ kó pa kòkòrò. Kódà, òórùn tó ń ta síni lójú yẹn, ìtọ̀ àti òógùn tó pàdé kílórínì ló sábà máa ń fà á. Kì í ṣe àmì pé omi mọ́.

Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Cryptosporidium. Bí kílórínì bá pé nínú omi, kò tó ìṣẹ́jú kan tí yóò fi pa E. coli, ṣùgbọ́n kòkòrò tí mo ń wí yìí lè wà láàyè níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọjọ́ méje. Bí ọmọ tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru bá wọ inú omi, tí ọmọ mìíràn sì gbé díẹ̀ mì, ó ti kó o nìyẹn. Ní ọdún 1993, ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà rí i bí ó ti burú tó: asẹ́ kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdó omi ẹ̀rọ wọn, nǹkan bíi 403,000 èèyàn ló sì ṣàìsàn. Omi mímu ni tiwọn, kì í ṣe omi ìlúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò kan náà ni. Fún ọmọ kékeré tí oúnjẹ kò tó lára rẹ̀, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àrùn jà, ọ̀rọ̀ náà lè la ẹ̀mí lọ.

Kòkòrò yìí kéré débi pé yanrìn nìkan kò lè mú un. Ìdí nìyẹn tí olùtọ́jú tó mọṣẹ́ fi máa ń da èròjà bíi álọ́ọ̀mù sí omi, kí ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ lè so pọ̀, kí asẹ́ sì rí i kó. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n, torí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí omi odò kó lè tòrò. Àmọ́ omi tó tòrò kò tíì bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò.

Ewu kejì yára ju àìsàn lọ. Bí asẹ́ kò bá ṣiṣẹ́, omi á dàrú, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ kò sì ní rí ìsàlẹ̀. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ló wà nínú ewu jù. Bí ẹ kò bá rí ojú ihò omi tó wà nísàlẹ̀ ibi tó jìn jù kedere, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ̀ ọ́.

Ìtọ́jú asẹ́ kò le. Aago kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń fi agbára omi hàn. Kí olùtọ́jú kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí asẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Bó bá fi 8 sí 10 psi lé sí i, ó ti dí nìyẹn. Kí ó pa pọ́ǹpù, kí ó yí ọwọ́ rẹ̀, kí ó wá tan pọ́ǹpù padà, kí omi lè gba ẹ̀yìn fọ yanrìn náà títí yóò fi mọ́. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku Sàhárà bá bo Kánò àti Àbújá, iṣẹ́ yìí máa ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn bíi ọdún 5 sí 7, kí wọ́n kó gbogbo yanrìn jáde, kí wọ́n kó tuntun sí i. Dída tuntun lé ògbólógbòó lórí kì í ṣe àtúnṣe, yanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé kò sì wúlò níbẹ̀. Ní ti kátírììjì, kí wọ́n máa fi omi ṣàn án, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1 sí 3, tàbí nígbà tó bá ti ya.

Ṣùgbọ́n asẹ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ó yẹ kí gbogbo omi adágún gba inú asẹ́ kọjá láàárín wákàtí 6 sí 8, ti ibi tí èrò pọ̀ sí sì gbọ́dọ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tí àwọn onílé ìtura yóò sọ: iná kò sí, dísù wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí wọ́n pa pọ́ǹpù, kí wọ́n da kílórínì púpọ̀ sí i, kí wọ́n sì tún máa gba owó lọ́wọ́ ọlọ́mọ, ìyẹn kò tọ́. Ọjọ́ tí agbára kò bá ká pọ́ǹpù, kí wọ́n ti adágún náà.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi lọ: ọjọ́ tí wọ́n fọ asẹ́, ọdún tí wọ́n pààrọ̀ yanrìn, wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́ lánàá, àti àyẹ̀wò òní. Kílórínì kò gbọ́dọ̀ dín sí 1 ppm, kí pH sì wà láàárín 7.0 sí 7.8. Àwọn wolé-wolé tó ń wo ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa yà sí yàrá pọ́ǹpù pẹ̀lú.

Àwa òbí náà ní iṣẹ́ ṣe. Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ilé ni kó wà. Bó bá jẹ́ Cryptosporidium ni dókítà rí, kó lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà bá dá kó tó tún wọ omi. Pámpáàsì kò lè dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ẹ wẹ̀ fún ọmọ kó tó wọ̀ ọ́, ẹ máa mú un lọ tọ̀ ní wákàtí wákàtí, ẹ kọ́ ọ kó má gbé omi náà mì.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá tún dé òtẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè nípa asẹ́. Bí wọn kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ máa lọ.