Iye Gòkè, Ṣùgbọ́n Mélòó Ni Wọ́n Tà?

Lẹ́tà olùkọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ ilé ìwé àwọn ti kó ₦600,000 jọ. Ní oṣù kẹsàn-án ni wọn yóò pín owó náà, kí olúkúlùkù fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ní báyìí, akápò ẹgbẹ́ fẹ́ kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ra ìpín ilé iṣẹ́ kan tí ó ti ₦2 gòkè dé ₦2.92 láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó ní bí àwọn bá fi falẹ̀, àwọn yóò pàdánù èrè. Olùkọ́ yìí wá béèrè pé: “Bàbá, ṣé kí a rà á?”

Kí n tó dá a lóhùn, ìbéèrè kan ni èmi náà bi í padà: ìpín mélòó ni wọ́n tà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọjọ́ mẹ́rin náà?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ni ẹ tètè máa mọ ìdí ìbéèrè yìí. Bí òjò bá rọ̀ láti àárọ̀ tí ọjà dá páropáro, tí àlejò kan tí ó ń kánjú sì ra kóńgò èlùbọ́ kan ní ìlọ́po méjì iye àná, ǹjẹ́ a lè sọ pé iye tí èlùbọ́ ń lọ nìyẹn? Rárá o. Bí ẹ bá kó ogún àpò jáde lọ́la pé iye yẹn ni ẹ ó tà á, ẹ ó jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀, tí èlùbọ́ gbówó lórí tí wọ́n sì ń rà á bẹ́ẹ̀, iye gidi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìpín okòwò rí.

Nínú àwòrán tí àwọn alágbàtà fi ń ṣe àlàyé iye ìpín, ìlà kan wà lókè tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀: iye owó nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn òpó kéékèèké wà, tí wọ́n tò bí igi ọgbà. Òpó kọ̀ọ̀kan dúró fún iye ìpín tí wọ́n tà lọ́jọ́ kan. Òǹkà ọjà ni èmi ń pe èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo ibẹ̀ rárá. Ìlà òkè nìkan ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí.

Ọ̀nà mẹ́rin ni a ń gbà ka méjèèjì pọ̀. Èkíní, bí iye bá gòkè tí òǹkà ọjà sì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn olùrà pọ̀ lóòótọ́, ìgòkè náà sì lágbára. Èkejì, bí iye bá ń gòkè ṣùgbọ́n tí òpó ìsàlẹ̀ ń kúrú sí i lójoojúmọ́, ẹ ṣọ́ra: ó lè jẹ́ pé àwọn olùrà ń tán lọ. Ẹ̀kẹta, bí iye bá já wálẹ̀ tí òǹkà ọjà sì pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn tí ń sá jáde pọ̀. Kí ẹni tí ó rò pé ọjà dínwó kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹ̀kẹrin, bí iye bá sọ̀ díẹ̀ tí òǹkà ọjà sì kéré, ó lè jẹ́ pé ọjà kàn ń sinmi. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí olùrà rárá.

Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí ó ga àti èyí tí ó kéré? Ẹ má ṣe fi ilé iṣẹ́ kan wé òmíràn. Ẹ ro òǹkà ọjà ìpín náà fún ogún ọjọ́ tí ọjà ṣí pọ̀, kí ẹ fi ogún pín in. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi ọjọ́ òní wé. Bí òpó kan bá sì dédé ga fíofío lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbàtà, nítorí ó lè jẹ́ olówó ńlá kan ni ó tà fún olówó ńlá mìíràn.

Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Joseph Granville kọ ìwé jáde ní 1963 lórí ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni lè fi pẹ́ńsù ṣe. Lọ́jọ́ tí iye bá gòkè, ẹ ro òǹkà ọjà ọjọ́ náà mọ́ àpapọ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá sọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí kò bá yí padà, ẹ fi í sílẹ̀. Ká ní ó gòkè lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú 300,000, ó sọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú 100,000, ó gòkè lọ́jọ́rú pẹ̀lú 400,000, ó sì sọ̀ lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú 150,000: ohun tí ó kù ni 450,000. Bí iye bá ń gòkè ṣùgbọ́n tí àpapọ̀ yìí ń dín kù, àwọn méjèèjì kò sọ ohun kan náà, ó sì yẹ kí ẹ dúró wò ó.

Àwa tí a rí ọdún 2008 kò lè gbàgbé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, atọ́ka ọjà ìpín ní Èkó lé ní 66,000. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé iye ìpín kò gbọdọ̀ sọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ lóòjọ́, bí ó tilẹ̀ lè gòkè dé ìdá 5. Ẹni tí ó bá wo ìlà òkè nìkan yóò rò pé ara ti ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òpó ìsàlẹ̀ ń sọ òtítọ́: àwọn tí ó fẹ́ tà pọ̀ lọ súà, olùrà kò sì yọjú. Ẹni tí ó yá owó báńkì ra ìpín ń wo iye rẹ̀ nínú ìwé, kò sì rí i tà. Nígbà tí ọdún fi máa parí, atọ́ka ti wà ní nǹkan bí 31,000. Ní oṣù kẹta 2009, kò tó 20,000 mọ́.

Òfin kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní 2018, ọjà ìpín wa là á kalẹ̀ pé kí iye ìpín tí kò tó ₦5 tó yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ ta ó kéré tán 100,000 lára rẹ̀. Fún èyí tí ó wà láàárín ₦5 sí ₦100, ó jẹ́ 50,000 nígbà náà. Fún àwọn tí ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jẹ́ 10,000 nígbà náà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìpín tí iye rẹ̀ dúró gbọn-in fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe sáré sọ pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń tà lára rẹ̀ kò pọ̀ tó láti mú iye rẹ̀ yí.

Olùkọ́ wa fi òǹkà ọjà ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ kìíní, 900,000. Ọjọ́ kejì, 400,000. Ọjọ́ kẹta, 210,000. Ọjọ́ kẹrin, 120,000. Ẹ̀yin náà rí i: iye ń gòkè, òpó ń kúrú. N kò ní parọ́: ó lè jẹ́ pé àwọn tí ó ní i lọ́wọ́ ni kò fẹ́ tà, nítorí ìdá 10 nínú 100 ni ìpín lè gòkè mọ lóòjọ́, ó sì ń gòkè tó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Alágbàtà lè sọ iye àwọn tí ó ṣì ń dúró láti rà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. ₦600,000 yóò ra nǹkan bí 205,000 ìpín ní ₦2.92. Gbogbo èyí tí wọ́n tà lọ́jọ́ kẹrin kò ju 120,000 lọ. Bí oṣù kẹsàn-án bá dé tí ọjà ṣì rí báyìí, ta ni yóò ra ti ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Ìdáhùn mi nìyí, ọmọ mi: owó tí ó ti ní ọjọ́ tí a ó ná an kì í ṣe owó tí a ń gbé wọ ọjà tí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ há. Ẹ fi owó ilé ìwé ọmọ sílẹ̀ ní báńkì. Bí akápò bá bínú, ẹ fi òpó mẹ́rin yẹn hàn án, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí ó bá sì wù yín láti ra ìpín, ẹ dá àjọ mìíràn sílẹ̀ fún un, owó tí ẹ lè fi síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀ láìsí ẹkún.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ọlọ́run yóò bù sí ọjà wa.