Òjò, Iná, Kòkó àti Fáìlì: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Mú?

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, òjò náà ló sì kó ẹjọ́ mẹ́ta pọ̀ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ayépé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Tíṣà ni ẹni tó kọ ọ́, a ó sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ó ní kòkó tí baba òun fi sílẹ̀ fún òun ń dúdú lórí igi. Ó ní ọ́fíìsì kan tí òun kọ̀wé sí nítorí mítà ń ti òun síwá sẹ́yìn: lónìí wọn a ní fọ́ọ̀mù ti sọnù, lọ́la wọn a ní ọ̀gá kò sí níjokòó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ló wá kọ ọ́ pé: "Bí òjò bá ti rọ̀, ògiri ilé ìdáná wa a máa gbọn ọwọ́ ẹni. Mo ń dúró dé ìgbà tí wọn yóò gbé mítà wá, kí wọ́n lè bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan náà."

Tíṣà wa, ẹ má bínú sí wa. Ohun tí ẹ fi sí ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó wà lókè. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tiyín kò tilẹ̀ sí lórí òrùlé mọ́, ó ti wọ inú ògiri.

Ìṣòro mẹ́ta ni ẹ kó wá, ṣùgbọ́n aago wọn kò dọ́gba. Wákàtí ni a fi ń ka ti iná. Ọ̀sẹ̀ ni a fi ń ka ti kòkó. Oṣù ni a fi ń ka ti ọ́fíìsì, ó sì máa ń di ọdún nígbà mìíràn. Ẹni tó bá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ aago ọ́fíìsì yóò pàdánù oko, ó sì lè pàdánù ọmọ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Agbára iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà tó 230 volt, ó sì tó pa àgbàlagbà. Bí ara wáyà bá ti bó nínú ògiri, tàbí tí òrùlé bá ń jò sí ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ lókè àjà, omi yóò gbé iná náà kiri inú ògiri. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ògiri gbẹ, nítorí náà ewu ń sùn. Nígbà òjò, ògiri tutù, ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ ìyàwó ilé tó ń dáná náà tutù. Ara ènìyàn wá di ọ̀nà tí iná ń gbà wọlẹ̀. Pé ó rọra gbọn yín lánàá kò fi hàn pé yóò rọra gbọn yín lọ́la.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, tó wọ bàtà onírọ́bà, lọ pa iná gbogbo ilé láti ibi súwíìṣì ńlá. Ẹ tan àtùpà tàbí tọ́ọ̀ṣì. Bí iná bá gbé ènìyàn, ẹ má ṣe fi ọwọ́ fà á. Ẹ kọ́kọ́ pa iná. Bí kò bá ṣe é pa, igi gbígbẹ ni kí ẹ fi tì í kúrò.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Wáyà tó ti orí ọ̀pó wá títí dé ìdí mítà, ti ilé-iṣẹ́ iná ni. Èyí tó ti ìdí mítà wọ inú ilé, ti onílé ni. Àwọn tí ẹ ń dúró dè yẹn, bí wọ́n bá tilẹ̀ dé lọ́la, kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti tú ògiri ilé ìdáná yín. Oníṣẹ́ iná tiyín ni kí ẹ pè. Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé dìde, tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ iná, tó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí náà kó tó gun àkàbà.

Kí ó wo ibi tí wọ́n ti so wáyà lókè àjà. Kí ó wò bóyá wáyà ààbò tí a máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ṣì wà, tàbí ó ti já. Kí ó yọ wáyà nípọn tí àwọn kan ń fi dípò fíúùsì, nítorí fíúùsì tí kò lè jó, ilé ni yóò jó dípò rẹ̀. Kí ó tún bá yín fi ẹ̀rọ kékeré tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò lọ sílẹ̀ sí i. Owó rẹ̀ kò tó owó òkú. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù náà, ẹ fetí sí i: bí wáyà bá bó lára páànù, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti di wáyà nìyẹn. Bí ẹ bá sì ní jẹnẹrétọ̀, ẹ fi súwíìṣì tó ń ya á sọ́tọ̀ sí i, kí iná tiyín má baà gba orí ọ̀pó lọ pa ẹni tó ń tún wáyà ṣe.

Ó kan kòkó. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lára ibi tí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú ti le jù ní ilẹ̀ wa, nítorí òjò àti ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Inú ilẹ̀ ni àrùn náà ń sá pamọ́ sí. Bí òjò bá ta erùpẹ̀ sára kòkó ìsàlẹ̀, yóò fi àmì pupa rúsúrúsú síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, odindi kòkó lè ti rà. Láti ara ọ̀kan yẹn ni omi òjò àti èèrà yóò ti gbé e dé ara ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ẹ fi Sátidé fún oko láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá. Ẹ já gbogbo èyí tó ti dúdú, ẹ má ṣe kó o jọ sí ìdí igi. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà. Ẹ gé ẹ̀ka tó ṣíji bo ara wọn kí atẹ́gùn lè wọlé, ẹ sì tètè ká èyí tó pọ́n. Oògùn tí a fi bàbà ṣe dára, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn kí àrùn tó ràn, tí ẹ sì ń tún un fọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ bo imú àti ọwọ́ yín. Nítorí ayédèrú oògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn láti ọdún 1964, wọn yóò sọ èyí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ó wá ku fáìlì. Láti ìgbà tí òfin ti dá ECN sílẹ̀ ní 1950, orúkọ ti yí padà léraléra: ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n sì fa ọ̀pọ̀ rẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Òfin tuntun ti 2023 sì fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣe àkóso iná tiwọn. Orúkọ ń yí, ṣùgbọ́n "ẹ padà wá lọ́la" kò tíì yí.

Ohun tó ń ṣẹ́gun "ẹ padà wá lọ́la" ni ìwé tó ní ọjọ́ lórí. Ẹ kọ ìwé yín ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu èyí tí ẹ óò mú lọ sílé. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹni tó dá yín lóhùn àti ohun tó sọ. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ tí kò ní rìsíìtì. Bí àdúgbò bá lè fọwọ́ sí ìwé kan náà pọ̀, ó sàn jù, nítorí igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá dáhùn, àkọsílẹ̀ yín ni ẹ óò gbé lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìjọba fi ń ṣọ́ wọn. Ẹ má bá akọ̀wé jà. Nígbà mìíràn, mítà tí ẹ ń béèrè kò sí lọ́wọ́ tirẹ̀ náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ìbínú mú yín fi wáyà kọ́ orí ọ̀pó fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ti gba ọ̀nà àbùjá yẹn dé ibojì.

Tíṣà wa, lálẹ́ òní, ẹ pa iná. Ní Sátidé, ẹ lọ sí oko. Ní Mọ́ńdè, ẹ gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.