Ilé Tuntun Ni Kí A Rà, Tàbí Ilé Àtijọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé owó tí ènìyàn fi ń ra ilé kì í ṣe owó tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí lẹ́ẹ̀mejì láyé. Bí aṣọ tí a rà bá ṣá, a lè ra òmíràn. Bí ilé tí a rà bá dà wá láàmú, ọmọ wa ni yóò jogún wàhálà náà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn tọkọtaya a máa mú ẹjọ́ yìí wá bá àwa tí a wà ní ìdí mọ́ṣáláṣí. Ọkọ a ní ilé tí ó wà láàárín ìlú ni òun fẹ́, ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí ó sún mọ́ ọjà àti ilé kéwú. Ìyàwó a ní òun kò fẹ́ ilé tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, tí ó ní ilé ìdáná tirẹ̀ àti omi nínú balùwẹ̀, ni òun fẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyàwó ni yóò fẹ́ ti àárín ìlú nítorí ìsọ̀ rẹ̀, tí ọkọ yóò fẹ́ ti ẹ̀yìn ìlú. Wọn a ní kí a dá ẹnì kan láre.

Àwa kì í dá ẹnì kan láre nínú wọn, nítorí pé ilé méjèèjì ló lè dára, méjèèjì ló sì lè pa ènìyàn lára. Ohun tí a máa ń wí fún wọn nìyí: bí ó bá ṣe ilé tuntun, ẹ yẹ ilé náà wò dáadáa, bí ó bá ṣe ilé àtijọ́, ẹ yẹ àwọn tí ó ni ín wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yí i sódì. Wọ́n dé ibi ilé tuntun, wọ́n rí ọ̀dà tí ń dán, wọ́n gba ilé gbọ́. Wọ́n dé ibi ilé àtijọ́, wọ́n ń ka ibi tí ògiri ti sán, wọn kò béèrè iye ọmọ tí bàbá tí ó kọ́ ọ fi sílẹ̀.

ILÉ TUNTUN

Ilé tuntun dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Gbogbo ènìyàn ní ó dára, ṣùgbọ́n a kò tí ì mọ ìwà rẹ̀. Òjò kò tí ì rọ̀ lé e lórí tó, ooru kò tí ì fẹ́ sí i lára tó, bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kò jẹ́ kí ojú rí búlọ́ọ̀kù tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ni ó wó lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ilé náà kò gbó. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó tí ì sùn nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wí pé nítorí ilé jẹ́ tuntun, ó lágbára.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, ẹ béèrè ìwé. Ẹ béèrè pláànì tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ẹ sì wò ó bóyá ilé tí ó wà nínú ìwé ni ó wà lórí ilẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé ilé ilẹ̀ ni, tí ẹ sì bá pẹ́tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀, ẹ yára padà sílé. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní LASBCA ni ó ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ béèrè.

Èkejì, ẹ san owó fún ẹnjiníà tiyín, kì í ṣe èyí tí olùtajà mú wá. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà máa ń kà kí wọ́n tó dán agbára kọnkéré wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó béèrè bóyá wọ́n dán an wò, àti ohun tí ó jáde. Owó ẹnjiníà náà lè dun ni, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí òjò bá yín yẹ ilé wò. Ilé tí ẹ lọ wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tún padà lọ wò ó ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ wo ara ògiri àwọn aládùúgbò bóyá ẹ óò rí àmì ibi tí omi kún dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ń din àkàrà ní ìkóríta, nítorí òun kò ní ilé tí ó fẹ́ tà fún yín. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn kò ní gbàgbé odò Ògùnpa ní ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní gbàgbé òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 100. Omi a máa mọ ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Bí a bá kó yanrìn dí àbàtà, tí a kọ́lé lé e, omi kò gbàgbé ibẹ̀.

ILÉ ÀTIJỌ́

Ilé àtijọ́ ní oore tirẹ̀. Ó ti lo òjò púpọ̀, ó sì ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹ lè mọ̀ bóyá omi ń wọ̀ ọ́, bóyá kànga rẹ̀ máa ń gbẹ, irú ènìyàn tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn àgbà a sì máa sọ pé kí a mọ aládùúgbò kí a tó mọ ilé.

Síbẹ̀, kí a má fi ọjọ́ orí ilé tan ara wa. Ilé tí ènìyàn ń gbé, tí ilé ìwé ọmọdé sì wà nínú rẹ̀, ni ó wó ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019. Ó kéré tán, ènìyàn 20 ni ó kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àmì ìjọba lára ògiri, tàbí ibi tí wọ́n fi ọ̀dà pa á rẹ́, ẹ má ṣe dúró bá olùtajà ná an. Ẹ tún yẹ igi òrùlé wò nítorí ikán, kí ẹ yẹ wáyà iná wò. Bí àjà tàbí òrùlé bá jẹ́ ti asibẹ́sítọ̀ọ̀sì àtijọ́, ẹ má fi ọwọ́ ara yín fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Gbogbo ìyẹn, owó àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè tún un ṣe. Èyí tí birikilà kò lè tún ṣe ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ni ilé.

Ta ni kò tí ì rí ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà? Ẹni tí ó kọ ọ́ kò dédé ra ọ̀dà. Ẹnì kan nínú ẹbí ni ó ti fẹ́ tà á lẹ́yìn àwọn tó kù. Bàbá kọ́lé, bàbá kú, ó fi ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ọ̀kan wà ní Kánò, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin ti lọ sílé ọkọ. Àkọ́bí dá wà nílé, ó rí oníbàárà, ó ní òun ni olórí ẹbí. Bí ẹ bá sanwó fún un, ẹ ti ra ẹjọ́.

Láti ọdún 1959 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé bí àwọn ọmọ ilé bá ta ohun ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí, títà náà kò jẹ́ nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìsí ọwọ́ àwọn aṣáájú ẹ̀ka ẹbí, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Ní Èkó, òfin ọdún 2016 sì tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí ó ti tà fún ẹlòmíràn rí.

Fún àwa Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ náà tún ju ti kóòtù lọ. Ìpín opó àti ìpín ọmọbìnrin kò sí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin láti fi ta ọrẹ. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ajogún, kí ẹ sì béèrè àwọn obìnrin ní pàtàkì, nítorí àwọn ni a sábà máa ń gbàgbé. Bí ọmọ òrukàn kékeré bá wà nínú wọn, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ilé tí a fi owó pọ́ọ́kú rà nítorí pé a kò pe opó àti ọmọ òrukàn sí i, ilé ọ̀wọ́n ni lọ́jọ́ ìṣirò.

OHUN TÍ Ó PA MÉJÈÈJÌ PỌ̀

Yálà tuntun tàbí àtijọ́, láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, ọwọ́ gómìnà ni àṣẹ lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ìwé tí ẹ gbà lọ́wọ́ olùtajà nìkan kò tó. Ó yẹ kí ẹ gba ìyọ̀ǹda gómìnà sí i. Ẹ mú ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ kí wọ́n yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.

Ẹ má sì ṣe fi gbogbo owó ọwọ́ yín ra ilé tán. Ilé àtijọ́ yóò béèrè páànù àti wáyà. Ilé tuntun ní ẹ̀yìn ìlú yóò béèrè owó tiransífọ́mà, owó kànga, owó títì, àti owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ lọ sí ìsọ̀. Ẹni tí kò ṣírò ìwọ̀nyí ni yóò máa pe ilé olówó pọ́ọ́kú ní ilé ọ̀wọ́n lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí tiyín ni. Bí ẹ bá mú owó èésú tàbí èrè ọjà yín wá kún owó ilé, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà nínú ìwé. Kì í ṣe àìnígbẹkẹ̀lé. Nínú ẹ̀sìn wa, owó ìyàwó owó ìyàwó ni; ìgbéyàwó kò sọ ọ́ di ti ọkọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà nínú ìwé, tí Ọlọ́run sì pe ọkọ, gbogbo ilé ni wọn yóò kà mọ́ ogún. Ìyá tí ó mú ìdajì owó wá yóò wá di ẹni tí ó ń bá orogún pín ìdá kan nínú mẹ́jọ lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ rà. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá fẹ́ràn ìyàwó yín, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dá a lábàá.

Nítorí pé ilé tuntun òní ni ilé àtijọ́ ọ̀la. Bí a bá ti ṣe ìwé rẹ̀ dáadáa lónìí, àwọn ọmọ wa kò ní ra ọ̀dà láti kọ ọ̀rọ̀ sí ògiri. Kí Ọlọ́run fi ilé ayọ̀ jíǹkí wa.