Ìlà Kì í Ṣe Òkè: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Ọmọ ní Ẹ̀kọ́ Ìyára

Àwọn ènìyàn a máa wí pé àìmọ ìṣirò ni kì í jẹ́ kí ọmọ mọ ẹ̀kọ́ nípa ìyára. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọn fi àkókò pín ọ̀nà tí a rìn. Bí ọkọ̀ bá rin 120 kìlómítà ní wákàtí 2, wọ́n mọ̀ pé ìyára rẹ̀ jẹ́ 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Inú wa dùn. Lẹ́yìn náà ni a ya gíráàfù ọ̀nà àti àkókò sára pátákó: ìlà gòkè, ó lọ gbọọrọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀. A bèèrè ohun tí ọkọ̀ náà ṣe. Wọ́n ní ó gun òkè, ó rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bẹ́ẹ̀ sì ni pé ọkọ̀ náà jáde lọ, ó dúró, ó sì padà sílé.

Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Àwa wo ẹ̀yìn, a sì rí i pé ẹ̀bi tiwa ni. A kò sọ fún wọn ohun tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gíráàfù ń wọ̀n. Nínú gíráàfù ọ̀nà àti àkókò, ìlà gbọọrọ wí pé ohun náà dúró. Nínú gíráàfù ìyára àti àkókò, ìlà kan náà wí pé ohun náà ń lọ, ìyára rẹ̀ kò sì yí padà.

Pípín pàápàá lè tan ni jẹ. Ẹnìkan rin 12 kìlómítà lọ sí ọjà, ó ń rin 4 ní wákàtí kan. Nígbà tí ó ń bọ̀, ó ń rin 6. Ọ̀pọ̀ a wí pé 5 ni ìyára rẹ̀ lápapọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí 3 ni ó fi lọ, ó fi 2 bọ̀: 24 kìlómítà ní wákàtí 5, èyí tí í ṣe 4.8.

Àwọn kan yóò wí pé ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àkókò kò sí. Ṣùgbọ́n Galileo, ará Itálì, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí jáde ní 1638, jẹ́ kí bọ́ọ̀lù idẹ yí lórí pákó tí ó dagẹ̀rẹ̀, ó sì fi omi tí ń ṣàn wọn àkókò. Àwa ní aago, a ní okùn, a sì ní pápá ìṣeré. Ẹ jẹ́ kí a sàmì sí ilẹ̀ ní mítà márùn-márùn, kí ọmọ kan rìn, kí ó dúró, kí ó sì padà, kí àwọn ìyókù máa kọ àkókò sílẹ̀, kí wọn sì fi ọwọ́ ara wọn ya ìlà náà. Ọ̀sán kan péré ni èyí yóò gbà. Ọmọ tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìlà kan kò ní pè é ní òkè mọ́.